Ìyẹ̀fun Tó Kọ̀ Tí Kò Dúdú

Ọdún méjì gbáko ni Géraldine, olùkọ́ ṣímì, ẹ̀kọ́ nípa èròjà, tí wọ́n gbé wá láti Ṣakété, ti fi ń ṣe férítì, irú ìyẹ̀fun kan tí òòfà máa ń fà, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé-ìwé kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Yóò yọ́ iyọ̀ irin àti ti irin mìíràn tó ń jẹ́ kòbáà sínú omi, yóò máa kán omi sóódù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, sí i títí ẹrẹ̀ yóò fi rogún sísàlẹ̀ ìgò. Wọn a fọ ẹrẹ̀ náà, wọn a sá a, wọn a sun ún nínú ààrò oníná. Tó bá dúdú, tí òòfà sì fà á, iṣẹ́ ti yọrí nìyẹn. Ṣùgbọ́n pupa ló ń dà nígbà gbogbo.

Àdéhùn òun àti Marcel ọkọ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ọjọ́ tí iṣẹ́ bá yọrí, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó padà sílé.

Àánú Géraldine ń ṣe Oyèlékè, bàbá tó ti ń fọ ìgò níbẹ̀ láti ogún ọdún. Obìnrin tó ń ṣe ìṣirò lórí láìmú gègé! Yàrá náà há, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, síbẹ̀ inú rẹ̀ ló ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìgbà Kérésì nìkan ló lọ sílé, ó sì ti ọ̀hún dé tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. Ó ní ilẹ̀kùn ló gbá òun. Bí fóònù Marcel bá sì ti dún, ojú rẹ̀ á pọ́n.

"Ṣé ó ti dúdú?" ni Marcel á bi í.

"Kò tíì dúdú."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màdáámù," ni Oyèlékè wí lọ́jọ́ kan. "Àjò kì í dùn kónílé má relé."

Ìgbà yẹn gan-an ni Géraldine bú sẹ́kún.

Marcel ti fún bàbá náà ní nọ́ḿbà rẹ̀. "Tó bá ti yọrí, Bàbá, ẹ pè mí. Ìyàwó mi kì í tètè sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agogo kíláàsì dún, Géraldine sáré jáde. Oyèlékè wo bébà tí wọ́n fi ń mọ bí sóódù ṣe pọ̀ tó nínú omi, tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò: àwọ̀ ewé ni. Ó wo ìwé tí Géraldine fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: kí a máa kán sóódù títí bébà yóò fi dà bí aró. Orí bàbá mi o! Ó ti rẹ ọmọ ọlọ́mọ débi pé kò ríran dáadáa mọ́. Ó mú sóódù, ó ń kán an títí bébà fi dà bí aró. Òun náà ló fọ ẹrẹ̀ náà, òun ló gbé e sínú ààrò bó ti máa ń ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó yọ ọ́ jáde. Ó dúdú kirikiri. Ó na òòfà sí i, ìyẹ̀fun fò mọ́ ọn. Inú bàbá dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọkọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, ó sì pe Marcel.

"Mo ti ń bọ̀," ni Marcel wí, ó sì pa fóònù.

Géraldine wọlé, ó rí òòfà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ kú oríire, Màdáámù! Èmi ni mo bá yín fi kún sóódù náà. Ọkọ yín ti wà lọ́nà."

"Bàbá, láti ọdún méjì ni mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ dín sóódù yẹn kù, kí n má baà padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lù mí."