Aláìsàn Ìdánwò

Ọ̀gá tuntun tó dé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn ní yunifásítì sọ pé ìwé-ẹ̀rí rẹpẹtẹ ti sú òun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di olùkọ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn lójú ìgbìmọ̀. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ náà ò ní yọ sílẹ̀. Bó bá di ìparí ọdún, yóò kàn wọ́n.

Ó sọ yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì di ilé oògùn. Káńtà wà níbẹ̀, àga aláìsàn wà níbẹ̀, tẹlifóònù wà lórí káńtà, ìgò oògùn sì tò rẹrẹ lórí pẹpẹ. Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n gé bíi hóró oògùn ló wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ kọ ILÉ OÒGÙN gàdàgbà sára ilẹ̀kùn.

"Lánàá, obìnrin kan wọlé wá ra oògùn ikọ́," ni ọ̀gá wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹni tí ìdánwò kàn lọ́jọ́ náà ni obìnrin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Àǹtí Adelé. Ó ti ń bá àwọn olùkọ́ tó bá lọ ìsinmi delé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Ọmọ náà ti ga jù ú lọ báyìí. Bí kò bá yege lónìí, wọn ò ní pè é mọ́.

"Òṣèré tíátà ni bàbá tó máa ṣe aláìsàn," ọ̀gá kìlọ̀ fún un. "Irọ́ ni gbogbo ẹ̀ o, àmọ́ ẹ ṣe é bí òótọ́. Ẹni tó ṣáájú yín sunkún."

"Èmi ò ní sunkún, sà."

Ìgbìmọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Kò pẹ́, bàbá kan ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì wọlé, ó di káńtà mú. Ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin fún òógùn.

"Ọmọ mi, gbà mí. Àyà mi... ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé e."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ jókòó. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá rọra jókòó sí àga. "Mo kàn ń kọjá lọ ni. Ó ti dé apá òsì mi."

"Ṣé ásípírìn máa ń bá yín lára mu?"

"Fún mi ní ohunkóhun."

Lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi igunpá tọ́ ọ̀gá. "Níbo lẹ ti rí bàbá yìí? Ó mà mọ iṣẹ́ o! Ẹ wo bí ètè ẹ̀ ṣe funfun."

Àǹtí Adelé ò kánjú. Ó mú hóró kan jáde nínú ìgò. "Ẹ rún un lẹ́nu, ẹ má kàn gbé e mì."

Bàbá rún un. Ó wò ó lójú. "Kò korò."

Àǹtí Adelé gé ètè jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Ó gbé tẹlifóònù ìṣeré tí kò ní wáyà sétí, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete sínú rẹ̀: "Ẹ gbé ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá kíákíá. Bàbá àgbàlagbà ni, ọkàn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu." Ó wá di ọwọ́ bàbá mú. Ọwọ́ náà tutù. "Wọ́n ti ń bọ̀, bàbá."

"O ṣé, ọmọ mi. Sọ fún ìyàwó mi pé..."

Àgbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ sáyà. Aago ìdánwò dún, àkókò ti pé.

Ìgbìmọ̀ ń pàtẹ́wọ́ bọ̀. "Kò gbójú fo nǹkan kan!" ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń wí. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Olùkọ́, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó bá tún pè yín ní Adelé, ẹ fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí."

Omijé bọ́ lójú Àǹtí Adelé.

"Ẹ ẹ̀ rí i, ẹ lẹ́ ò ní sunkún!" ni ọ̀gá wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó nu ojú, ó padà síbi àga. "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ dìde, a ti parí."

Bàbá ò mira.

"Àwọn òṣèré!" ni ọ̀gá wí. "Wọn kì í mọ̀gbà tó yẹ kí wọ́n ṣíwọ́."

Ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì ṣí, ọkùnrin kan sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, irùngbọ̀n funfun tí wọ́n fi òwú ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, táyà ọkọ̀ wa ló bẹ́ lọ́nà, ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ aláìsàn?"