Àlejò Tí Kò Gba Géètì Wọlé

Àṣà Adérọ̀gbà ni pé ẹni tó bá háyà ilé ọtí rẹ̀ létí ọ̀sà ló ń mú kọ́kọ́rọ́ géètì dání títí ayẹyẹ yóò fi parí. Obìnrin tó háyà rẹ̀ lónìí ti ti géètì pa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn àlejò yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń wọlé."

Ilẹ̀ ń ṣú. Adérọ̀gbà gbọ́ tí omi ń kán tó, tó, tó lórí àtẹ̀gùn tó gòkè wá láti inú ọ̀sà. Tìmùtìmù àwọn àga òfìfo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọnú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rin gbingbin. Adérọ̀gbà sáré dé géètì, ó mì ín títí, kò ṣí.

"Ẹ dákun, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́!"

Àga kan ṣoṣo ló ṣì gbẹ. Obìnrin náà rọra fà á jáde.

"Ayẹyẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin la ń dúró dè."