Mọ́tò Lójú Àna

Awakọ̀ tuntun náà tẹ fèrè, ewúrẹ́ sá lọ́nà. Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀ yìí ló ra mọ́tò. Láísẹ́ǹsì tí Ajẹ́lẹ̀ fún un kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ilé Àáfà, bàbá Sàfíyátù tó fẹ́ fi ṣe aya, ló ń lọ.

Àáfà ti kìlọ̀ fún alárinà: “Ẹni tó bá jókòó sórí nǹkan òyìnbó kí mi, kò ní fẹ́ ọmọ mi.”

Àáfà ló wà níta yẹn, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Awakọ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí ẹṣin: bí o bá ti rí àgbà, kíá ni wàá sọ̀ kalẹ̀. Mọ́tò ò tíì dúró tó fi bẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó lóṣòó.

“Àsàlámù àléékúmù, Bàbá.”

“Wàáléékúmù sàlámù. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Mo fún ọ ní Sàfíyátù.”

Lẹ́yìn wọn, mọ́tò ń dá lọ jẹ́jẹ́. Ó wó ògiri ilé kéú Àáfà, ó wọlé, ó kú síbẹ̀. Orí ló yọ àwọn ọmọ kéú: ìsinmi ni wọ́n wà.

Awakọ̀ figbe ta, ó fẹ́ sáré. Àáfà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ ti kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹṣin rẹ ni kò tíì kéú.”