Jurandir Tó Ń Fi Ẹnu Pa Ìyá Rẹ̀ Àgbà

Irọ́ dídùn ni àìsàn Jurandir. Àwọn ará Pedra Mansa, ìlú wa, ní orúnkún ló ba iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́. N ò gbà. Ẹnu ni.

Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá ni, ó mọ bọ́ọ̀lù í pín bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń pín oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yòówù tó bá gbà á, bí wọ́n bá ti fi í han àwọn alátìlẹyìn, á fẹnu ko àmì ẹgbẹ́ tó wà láyà ẹ̀wù, á bú sẹ́kún, á ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá mi àgbà, Dona Zulmira, ẹ̀wù ẹgbẹ́ yìí ló wọ̀ kú!"

Àwọn náà á sunkún, wọ́n á máa pariwo orúkọ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ kan nìyẹn, tó tún lọ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀tá wọn ní òdìkejì odò. Bẹ́ẹ̀ Dona Zulmira tó tọ́ ọ dàgbà wà láàyè, ó ń dín coxinha, ìpanu ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran adìyẹ sínú, lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré wa. Jurandir kì í wá kí i. Ta ní í kí òkú?

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ di ti arúgbó. Kò sẹ́gbẹ́ tó fẹ́ ẹ mọ́ àfi União, ẹgbẹ́ ìlú wa. Seu Evilásio, ààrẹ ẹgbẹ́, kìlọ̀ fún un: "Àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rí ọ. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́, o ti níṣẹ́. Bí wọn ò bá pàtẹ́wọ́, bọ́ọ̀lù rẹ ti parí nìyẹn."

Jurandir ò tilẹ̀ yà sílé. Ó wọ ẹ̀wù União, ó jáde sí pápá, ó fẹnu ko àmì, ẹkún dé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tó ti mọ́ ẹnu náà lára ló jáde: "Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá mi àgbà, Dona Zulmira, ẹ̀wù ẹgbẹ́ yìí ló wọ̀ kú!"

Gbogbo orí yí sí ìlà iwájú, níbi tí Dona Zulmira jókòó sí nínú ẹ̀wù União, tó ń jẹ àgbàdo sísè. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà.

"Jurandir," ó ní, "ìgbà wo ni mo kú tẹ́nì kan ò sọ fún mi?"

"Dona, ẹ kú àbọ̀ láti ọ̀run o!" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

"Ẹ bá mi bi í bóyá mo jẹun kí n tó lọ!" Dona Zulmira dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ikùn ni gbogbo wọn fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Seu Evilásio bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn Jurandir. Dona Zulmira so aṣọ ìdáná tirẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó ní: "Ó yá, ọmọ burúkú, wá po ìyẹ̀fun fún òkú."

Títí dòní, Jurandir ló ń ta coxinha lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni bá ti rà á á bi í pé: "Jurandir, ìyá àgbà tó kú ńkọ́?" Ẹni tó wà nídìí epo gbígbóná á dáhùn: "Mo ti jí o! Gba ṣéńjì rẹ!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ẹ má ta ará ilé yín láti fi ra ìfẹ́ àlejò, torí ilé náà lẹ ó padà sí. Ẹ sì lọ kí ìyá yín àgbà lónìí. Ẹni tó bá ń kí i déédéé kò ní gbàgbé pé ó wà láàyè.