Ta Ló Ni Agbárí Wíwọ́ Yìí?

Wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ìdílé wa ń bá ìdílé Akínbọ́lá du ní Ìyìn-Èkìtì, ni agbárí àtijọ́ kan bá yọ.

Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé tírélà mẹ́wàá gùn ún kọjá.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbọ́ mi ní Fájuyì, ní ìlú kejì.

Mo ní, "Ẹni tó wẹ èyí nígbà tó wà lọ́mọ tuntun, ọwọ́ kan ló fi tún orí ṣe, ó ń fi ìkejì jẹyán."

Baálẹ̀ àdúgbò, tó wá bá wa parí ìjà ilẹ̀ náà, ní, "Ìdílé tó bá ni òkú ló ni ilẹ̀."

Olórí ìdílé Akínbọ́lá ní tiwọn ni. Ó ṣí fìlà. Orí rẹ̀ rí róbótó bí àgbálùmọ̀.

Bàbá mi náà ṣí tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó yíjú sí mi. "Tí o bá ti rẹ́rìn-ín tán, ṣí tìẹ náà kí wọ́n rí i."