Fèrè Tó Yadi

Ọkùnrin agépáànù náà fọn fèrè kẹta, ó gbé e sílẹ̀, ó mi orí.

"Èyí náà kọ́, màmá."

Ẹnu iṣẹ́ ni ilẹ̀ mọ́ bá a ní Ìsọlọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ara tábìlì ìyá tó ń ta fèrè ní Bọ́ládé ló fara tì.

"Bọ̀dá, irú wo lẹ ń wá gan-an?"

Ó tẹjú mọ́ ẹnu ìyá náà títí tó fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló yọ fèrè àtijọ́ rẹ̀ jáde lápò. Nídìí ẹ̀rọ tó fi ń gé páànù láti ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń kọ́ ọ ní fífọn.

"Irú èyí ni. Orin kan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ni ohùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló yadi pátápátá."

Ìyá náà fi etí ìró nu ẹnu fèrè, ó sì fọn ọ́n. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ yíjú. Ìkókó tó ń sùn lẹ́yìn obìnrin kan ta jí, ó figbe ta.

Ọkùnrin náà gba fèrè rẹ̀ padà.

"Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí, màmá. Kò dún mọ́."