Ọjọ́bọ̀ Tí Ṣíjúadé Máa Rìn

Mo ń wẹ ọmọ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí ohùn ẹ̀rọ atọ́mọ tó wà lára ògiri sọ pé, "Ìyá Ṣíjúadé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yín máa rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Èmi ni mo máa pè é."

Ohùn tèmi ni. Ọjọ́ tí mo bímọ ni àwọn tó ni ẹ̀rọ náà ti gbà á sílẹ̀, kí ọmọ lè máa gbọ́ ọ láti ara ògiri. Ṣùgbọ́n ó já gaara ju tèmi lọ, ojú kì í sì í tì í. Òun ló ń kọ́ ọmọ lórin. Èmi ń fún un ní ẹ̀kọ mu láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ògiri ní, "Máa bọ̀, ọmọ mi." Ṣíjúadé dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, pòṣé. "Ṣé ògiri ló rọbí ni? Àbí o ò lẹ́nu?"

"Wọ́n ní kí n má pè é, mà."

"Wọ́n ní! Pè é bí mo ṣe pe ìyá ẹ nígbà tó ń kọ́ ìrìn."

Mo tún na ọwọ́, mo pè é: "Tẹ̀ẹ́... tẹ̀ẹ́... Ṣíjúadé."

Ẹ̀rín ọmọ dáwọ́ dúró. Kò fi ògiri sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yíjú, ó wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ ohùn yẹn rí, tí kò rántí ibi tó ti gbọ́ ọ.